Ìyá Ẹ̀yìn-Aṣọ

Tẹ́ ẹ bá dé ìlú wa nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá wọlé, ẹ ó rò pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n á kún ojú títì, wọ́n á gbé gìtá kọ́ èjìká, wọ́n á máa lẹ pósítà lé orí pósítà títí ara ògiri á fi wú. Ẹni tó ń kọrin, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń ka ewì tí kò yé òun fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ ká wá wo àwọn. Tí ìsinmi bá dé, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ, ariwo á tán, a ó wá rí bí ìlú náà ṣe kéré tó. Àwa tó bá kù nígbà yẹn la nìlú: ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ẹni tó ń gẹrun, àwọn onílé tó ń fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́, àti èmi tí mò ń tan iná ní gbọ̀ngàn tíátà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Oníná ni wọ́n ń pè mí. Mi ò bínú sí i.

Òkè téńté ni wọ́n fi mí sí, lẹ́yìn gbogbo àga, níbi tí èèyàn ń fi àkàbà irin gùn dé. Ooru ibẹ̀ lè yan ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí àwọn òǹwòran kì í rí. Aṣọ tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé kò fẹ̀ tó, ẹni tó wọ̀n ọ́n ṣì í wọ̀n, mo sì máa ń rí àga kékeré kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àti obìnrin tó máa ń jókòó lórí àga náà. Òun là ń pè ní Ìyá Ẹ̀yìn-Aṣọ. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀, tó ń gbé ohùn ẹ̀ wá sí mi létí lókè, kí n lè máa mọ ibi tí eré dé.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa rán òṣèré létí. Tí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ lórí ìtàgé, òun ló máa sọ ọ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ, pẹ̀lú ohùn tí kì í kọjá ibi tó yẹ kó dé. Sílípáàsì ló máa ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má bàa dún, mínńtì ló máa ń lá kí ikọ́ má bàa já a kulẹ̀, ó sì so ìgò ojú ẹ̀ mọ́ okùn sọ́rùn. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó débẹ̀, orí mi sì ti funfun báyìí. Tí àwọn òṣèré bá ń tẹríba fún àtẹ́wọ́, tí wọ́n bá na ọwọ́ sí i pé kó jáde, á mi orí, á máa pa ìwé ẹ̀ dé. Kò gun orí ìtàgé rí.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan, tó bá pọ̀ jù méjì, ló máa ń fún èèyàn. Tí ọ̀rọ̀ ẹ bá jẹ́ “Mo ti ń retí ẹ látàárọ̀,” “Mo ti” nìkan ni wàá gbọ́, ìyókù dọwọ́ ẹ. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ń fún ní odidi gbólóhùn kò ní wá tiẹ̀ mọ́. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í wo ojú òṣèré. Mímí wọn ló ń gbọ́. Ó ní tí èèyàn bá dákẹ́ nítorí eré, èémí ẹ̀ á dúró síbi tó wà, á máa retí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti sọnù, èémí á já lójijì, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò bá àtẹ̀gùn. Mo gbìyànjú títí láti gbọ́ irú ẹ̀ nínú ẹ̀rọ mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọkọ ẹ̀ ni gbogbo ìlú mọ̀. Bàbá Dúró-Ná. Lórí rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti ń ṣe eré ọkùnrin kan tí kì í lè parí nǹkan. Ilé ń jó, á ní, “Ẹ dúró ná,” á máa wá fìlà. Ọkọ̀ ń lọ, “Ẹ dúró ná,” bàtà ẹsẹ̀ kan ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló ń pani lẹ́rìn-ín, bó ṣe ń sọ ọ́ ni, bí ẹni tí gbogbo ayé ń lé tí òun ò sì fẹ́ sáré. Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti di òbí. Tí wọ́n bá mú ọmọ wọn wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n á kọ́kọ́ yà kí Bàbá Dúró-Ná níwájú ilé ẹ̀. Bàbá á na ọwọ́ sí wọn, á tún fà á sẹ́yìn, á ní, “Ẹ dúró ná,” wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìyàwó ẹ̀ á dúró lójú fèrèsé, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì gan-an, kí n má purọ́.

Àárọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀, nídìí tábìlì. Bàbá ń jẹ ẹyin, ó ní, “Bá mi gbé,” ó sì dákẹ́. Ìyá Ẹ̀yìn-Aṣọ sọ fún mi pé òun ò tiẹ̀ gbójú sókè, òun kàn gbọ́ èémí tó já. Ẹnu òun ló ṣáájú ọpọlọ òun. Ó ní, “Iyọ̀,” bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún òṣèré. Bàbá náà ní, “Iyọ̀,” ó sì ń bá oúnjẹ ẹ̀ lọ. Iyọ̀ náà wà níwájú ẹ̀.

Wọ́n lọ sí ọsibítù. Dókítà náà ní sùúrù, ó ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n gbogbo àlàyé ẹ̀ kò ju pé àìsàn náà á máa tẹ̀ síwájú ni, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, Bàbá, tó ṣì mọ ohun tó ń ṣe òun nígbà náà, dá ìyàwó ẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, “Tí mo bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí wọ́n rín in. Ìyẹn niṣẹ́ mi. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí.” Obìnrin náà ṣèlérí fún un. Gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, torí ìlérí yẹn ni.

Ló bá sọ ilé di ìtàgé. Tí àlejò bá dé, á wọ́ sílípáàsì lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, á máa fún Bàbá ní orúkọ àlejò, orúkọ ọmọ àlejò, àti ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn. Tí ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, bá pè wọ́n lórí fóònù, á jókòó ti ọkọ ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, á máa sọ̀rọ̀ sí i ní etí kejì. Ọmọ á ní ohùn bàbá òun le dáadáa, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á gbé fóònù sílẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọ̀ pátápátá, “Ẹ dúró ná” wà níbẹ̀. Ta ló máa fura sí ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun?

Gílóòbù ló jẹ́ kí n mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí n wá pààrọ̀ èyí tó ń ṣẹ́jú ní pálọ̀. Mo pa iná gbogbo ilé kí n tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí ẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Àfi igbe. Bàbá di ìyàwó ẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n, ó ń béèrè ibi tí wọ́n gbé òun wá, kò sì dákẹ́ títí mo fi sáré tan iná padà. Ìyá wò mí, èmi náà wò ó. Ó ní, “Oníná, o ti rí i. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo ní mi ò ní sọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kọjá, mo máa ń yà kí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò wúlò fún wọn ju ìkíni náà lọ.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tún wọlé, olùkọ́ eré tuntun dé, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ara ẹ̀ kì í balẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ẹnu ìyá tó bí i ló ti gbọ́ ìròyìn Bàbá Dúró-Ná. Ó wá sílé wọn, ó ní òun fẹ́ kí Bàbá ṣe eré kúkúrú kan láti fi ṣí tíátà fún ọdún náà. Ìyá lanu láti sọ pé ara Bàbá ò yá. Kó tó sọ ọ́ délẹ̀, Bàbá ti dìde lórí àga, ojú ẹ̀ ń dán, ó ní òun á ṣe é. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń béèrè ìgbà tí eré máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ fún un, inú ẹ̀ á dùn, á sì tún béèrè.

Mo bá Ìyá sọ̀rọ̀. Mo ní kó pe olùkọ́ náà sí kọ̀rọ̀, kó sọ òótọ́ fún un. Ó ní tí òun bá sọ fún ẹnì kan ṣoṣo nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, kílẹ̀ tó ṣú, ẹni tó ń gẹrun á ti máa sọ ọ́ fún orí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò lè já a nírọ́, mo mọ ẹnu ẹni tó ń gẹrun. Ó ní òun á wà lẹ́yìn aṣọ, eré náà ò sì le: bàbá kan gbé àpótí wá wo ọmọ ẹ̀ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kó wọlé, bàbá ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi, ọkàn tiẹ̀ ò balẹ̀.

Ìdánrawò lọ bó ṣe lọ. Gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló mú ìwé dání, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbàgbé yàtọ̀. Àmọ́ látòkè mi, mo gbọ́ pé Ìyá ti ń rú òfin ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ò tó mọ́. Ó di ìdajì gbólóhùn, ó di odidi, kò sì pẹ́ tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá ti ẹ̀yìn aṣọ jáde ni Bàbá ń gbà bó ṣe wà, tó ń fi ohùn ẹ̀ tó dùn yẹn gbé síta. Ìyá ní ó tẹ́ òun lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ó kúkú sàn ju kó máa wá ọ̀rọ̀ kiri níwájú èèyàn. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe, èmi náà ò sì rí i.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì fẹ́ fi máa ṣe é. Àga kún, àwọn mìíràn jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo tan iná, Bàbá jáde pẹ̀lú àpótí, kó tó dúró ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń ṣe aṣọ́nà dìde, ó ní, “Ta lẹ wá wò, Bàbá?” Bàbá gbé àpótí kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wò ó, ó ní, “Ẹ dúró ná.” Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ìyá fún un ní ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó sì ní ọmọ òun lòun wá wò. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, ìyàwó ń fún un, ọkọ ń gbé e síta, ẹ̀rín ń tẹ̀lé e. Mo wá ráyè mí.

Ó wá dé ibi tó yẹ kó ṣí àpótí. Kò ṣí i. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n lórí ìdérí, èémí ẹ̀ sì já. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà gbọ́ ọ. Ìyá fún un ní gbólóhùn, kò gbà á. Ó tún fún un. Nígbà tó rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, ó gbàgbé pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, Bàbá.”

Bàbá kọjú sí aṣọ́nà, ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, Bàbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé rárá, kì í ṣe ìyẹn, Bàbá náà sì sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé rárá, kì í ṣe ìyẹn, pẹ̀lú ohùn tó ti ń mú wọn jókòó ti rédíò látijọ́. Ọkùnrin kan ń fọwọ́ lu itan. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òun ò bá sọ̀rọ̀, Bàbá ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ló bá fi aṣọ́nà sílẹ̀, ó rìn lọ síbi aṣọ títa, ó fi etí tì í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn wà nílé, ó ní, “Ẹ máa wí. Mò ń gbọ́.” Àwọn tó wà níwájú ń dojú délẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

Ìyá gbójú sókè wò mí. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì tó lè pa gbogbo iná, tí mo bá sì pa á, eré parí nìyẹn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa lọ. Àmọ́ mo rántí igbe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí òkùnkùn bá bo ọkùnrin yìí mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn, wọ́n á mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mi orí sí i. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ máa gbá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín létí níkọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń rín in.

Ìyá sún mọ́ aṣọ náà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú yàrá, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, olówó orí mi.”

Bàbá yíjú sí àwọn òǹwòran, ó na apá méjèèjì, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, olówó orí mi.”

Ni obìnrin náà bá jáde. Pẹ̀lú sílípáàsì, pẹ̀lú ìgò ojú lọ́rùn, ó dúró nínú iná mi, ó ń ṣẹ́jú, ó na ọwọ́ sí ọkọ ẹ̀. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó ní, “Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ wá wò?”

Ẹ̀rín tó bú jáde mi àga mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkùnrin yìí ò fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí. Mo rí ojú Ìyá, iná mi ló wà lára ẹ̀, kò síbi tí mi ò rí. Ó ní, “Ọkọ mi ni mo wá wò.”

Bàbá ronú sí i. Ó yí padà sí aṣọ́nà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé o. Ọkọ wọn ni wọ́n wá wò.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpótí ẹ̀ kúrò lọ́nà fún un.

Ọmọbìnrin náà, orí ẹ̀ pé, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá di ọwọ́ Bàbá mú, wọ́n wọlé, wọ́n sì gba ẹ̀yìn aṣọ jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já lórí àkàbà bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dé ẹ̀yìn, olùkọ́ ti wà níbẹ̀, omijé wà lójú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń fò káàkiri. Ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní kí Ìyá má bínú, òun ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti gbìmọ̀ fi eré mìíràn sínú eré òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n máa ṣe é títí ọ̀sẹ̀ náà á fi parí, kí wọ́n má yí ọ̀rọ̀ kankan padà. Àwọn èèyàn ń bọ Bàbá lọ́wọ́, ó jókòó sáàárín wọn bí ọkọ ìyàwó, ó pẹ́ tí mo ti rí i tí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá lanu. Mo rí i pé òótọ́ ti dé orí ahọ́n ẹ̀. Ó wo ọkọ ẹ̀, ó wo àwọn tó yí i ká. Tó bá sọ ọ́ níbẹ̀, gbogbo ẹ̀rín ọ̀sán yẹn á di yẹ̀yẹ́ tí Bàbá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe. Tí kò bá sọ ọ́, á tún gun orí ìtàgé lọ́la. Ó ní, “Ẹ ṣeun,” ó sì lọ wá ẹ̀wù òtútù ọkọ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, ó wá bá mi nídìí àkàbà. Ó ní òun ti ń rò ó. Ó ní ṣebí òṣèré ni Bàbá, ṣebí ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ tara ẹ̀ kún eré. Bóyá ó mọ òun dáadáa lánàá, ó kàn rí àyè ẹ̀rín ni. Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?

Wọ́n ṣe é. Nígbà tí Ìyá jáde síwájú, Bàbá kí i, ó béèrè ẹni tó wá wò, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i láti ẹ̀yìn aṣọ. Àwọn tó wá lẹ́ẹ̀kejì ń sọ fún ara wọn pé ọpọlọ àgbàlagbà yìí pé, ó rántí gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀. Ó ti gbà á gbọ́, mo rí i. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n wọlé, wọ́n dé ẹ̀yìn aṣọ níbi tí òǹwòran kankan ò ti lè rí wọn mọ́, níbi tí kò ti sí eré tí wọ́n ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Àtẹ́wọ́ ṣì ń ró. Nínú ẹ̀rọ mi, mo gbọ́ Bàbá tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Mà, ṣé ẹ ti rí ọkọ yín?”

Ìyá dá a lóhùn. Ó ní, “Rárá o. Mo ṣì ń wá wọn.”